Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí: Ta Ló Yẹ Kó Ru Ẹrù Ẹ̀rí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí ti parí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn láàárín àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé e lọ síwájú adájọ́ ní Paris, ní London tàbí ní Washington, òwe náà nìkan kò lè gba ẹjọ́ là. Adájọ́ yóò béèrè pé: kí ló fi hàn pé kì í ṣe ibà ló pa ọmọ náà? Ìbéèrè yìí tọ̀nà, nítorí a kì í fi ìfura lásán dá ẹjọ́. Ohun tí kò tọ̀nà ni pé ẹni tó ké lánàá ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá ọmọ sì ni wọ́n ní kó wọ inú yàrá náà lọ mú ẹ̀rí jáde. Báyìí gan-an ni ẹjọ́ àwọn tí ìtànṣán olóró láti inú àdó átọ́míìkì kàn ṣe ń lọ láti ọgọ́ta ọdún ó lé. Kò sí ibi tí ìwà ìrẹ́jẹ yìí ti hàn gbangba tó bó ṣe hàn ní aṣálẹ̀ Sàhárà.

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1960, ìjọba Faransé bú àdó átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Reggane, ní gúúsù Àlùjéríà. Agbára àdó náà tó 70 kìlótọ́ọ̀nù, ó ju ìlọ́po mẹ́rin èyí tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima lọ. Láti ọjọ́ náà títí di ọdún 1966, ìgbà 17 ni Faransé dán àdó olóró wò ní Àlùjéríà: mẹ́rin nínú afẹ́fẹ́ gbangba ní Reggane, 13 nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè ní In Ekker. Òmìnira tí Àlùjéríà gbà ní ọdún 1962 kò dá a dúró, nítorí àdéhùn Évian ti fi ààyè sílẹ̀ fún Faransé láti máa bá iṣẹ́ náà lọ. Aṣálẹ̀ tí wọ́n sọ pé kò sí ènìyàn níbẹ̀ ní àwọn Tuareg tó ń da ẹran, ó ní àgbẹ̀ tó ń roko lẹ́bàá orísun omi, ó sì ní àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Faransé tí ìjọba wọn kó lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ ológun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní In Ekker ní ọjọ́ kìíní, oṣù Karùn-ún, ọdún 1962 ló ṣàlàyé gbogbo ìjà yìí ju bí ìwé ńlá kan ti lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Àdó kan tí wọ́n sọ ní Béryl ni wọ́n bú nínú òkè lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti ṣèlérí pé òkè yóò gbé gbogbo rẹ̀ mì. Òkè kò gbé e mì. Ìdènà ẹnu ihò já, ìkùukùu olóró sì tú jáde sórí àwọn tó wá wòran. Mínísítà méjì wà láàárín wọn: Pierre Messmer, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ológun, àti Gaston Palewski, mínísítà fún ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Àwọn méjèèjì sá àsálà bí àwọn tó kù ti sá. Palewski kú ní ọdún 1984, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á, òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé ìkùukùu Béryl ló fà á. Messmer ní tirẹ̀ gbé ayé títí di ọdún 2007, ẹni ọdún 91 ni nígbà tó fi ayé sílẹ̀.

Ọkùnrin méjì wà níbi kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan bá jẹjẹrẹ lọ, ìkejì darúgbó. Agbẹjọ́rò ìjọba yóò wo Messmer, yóò ní: ẹ ò rí i pé ìkùukùu náà kò pa ènìyàn? Ẹni tó fara gbá yóò wo Palewski, yóò ní: ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá? Sáyẹ́ǹsì kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó ń sọ ni pé ìtànṣán olóró kì í ṣe bí májèlé tó ń pa gbogbo ẹni tó bá mu ún. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá pọ̀ débi tí yóò pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀, ńṣe ló ń ba sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ara a máa tún ọ̀pọ̀ nínú ìbàjẹ́ náà ṣe; èyí tí kò bá rí tún ṣe lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ogún tàbí ọgbọ̀n. Ó dà bí tẹ́tẹ́ tí a fi tipátipá ta fún ènìyàn: bí ìwọ̀n ìtànṣán ṣe ń pọ̀ sí i ni tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ ẹni ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò jáde.

Nígbà tí jẹjẹrẹ náà bá sì dé, kì í kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí iwájú orí. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí ìtànṣán fà àti èyí tí sìgá fà jọ ara wọn bí ìbejì. Kò sí dókítà tó lè wo aláìsàn kan ṣoṣo kó fi ọwọ́ sọ̀yà pé àdó Reggane ló fa tirẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ lè ṣe ni kí wọ́n ka orí àwọn tó gba ìtànṣán, kí wọ́n ka orí àwọn tí kò gbà á, kí wọ́n sì wo iye tó fi lé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ní Japan láti ọdún 1950, níbi tí wọ́n ti ń tọ ipasẹ̀ ìlera nǹkan bí 120,000 ènìyàn láti Hiroshima àti Nagasaki. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ní ọdún 2023 ṣe, èyí tó yẹ àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ núkílíà 309,932 wò ní Faransé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ó rí i pé bí ìwọ̀n ìtànṣán tí òṣìṣẹ́ gbà ṣe ń ga sí i ni ewu ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ ń ga sí i, títí kan àwọn tí ìwọ̀n tiwọn kéré.

Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò tán. Ní ọdún 2005 kan náà, ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé àgbà nípa sáyẹ́ǹsì àti ti ìṣègùn ní Faransé sọ pé kò yẹ kí a máa fi ìwọ̀n ńlá díwọ̀n ewu ìwọ̀n kékeré, nítorí ara ní agbára àtúnṣe. Ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé àgbà ti Amẹ́ríkà ní tiwọn sọ pé ìwọ̀n kékeré náà ní ewu tirẹ̀, àti pé kò sí ibi tí ènìyàn lè fa ìlà sí kó ní ewu parí síbẹ̀. Irú àríyànjiyàn báyìí kì í ṣe ìtìjú fún ìmọ̀. Bí ìmọ̀ ṣe ń dàgbà nìyẹn. Ìtìjú wà níbi tí ìjọba ti gba iyèméjì àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ wọn, tó sì sọ ọ́ di apata fún ara rẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lo apata náà. Láàárín ọdún 1952 sí 1958, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dán àdó olóró wò ní Australia àti ní àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì, ojú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló sì ṣe é. Nígbà tí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn gbé ẹjọ́ wá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní London dá a ní oṣù Kẹta, ọdún 2012, adájọ́ mẹ́rin sí mẹ́ta, pé wọ́n ti pẹ́ jù. Ìdí tí wọ́n fi pẹ́ jù ni pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbà pé ìtànṣán ló ṣe wọ́n. Nínú ẹjọ́ yìí kan náà ni wọ́n ti ń gbọ́ pé ẹ̀rí tó so àìsàn wọn mọ́ ìtànṣán kò ì tíì tó. Ẹni tí kò ní ẹ̀rí ti yára jù. Ẹni tó dúró de ẹ̀rí ti pẹ́ jù. Ìgbà wo wá ni ọ̀sán ń pọ́n nílé ẹjọ́ yẹn?

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Utah àti àyíká rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé eruku àdó Nevada wá bá pe ìjọba wọn lẹ́jọ́. Ní ọdún 1984, Adájọ́ Bruce Jenkins gbé mẹ́rìnlélógún yẹ̀ wò nínú ẹjọ́ wọn, ó sì dá mẹ́wàá láre. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e ní ọdún 1987. Kì í ṣe pé ó rí i pé eruku náà kò pa ènìyàn; ohun tó sọ ni pé òfin kò gba ará ìlú láyè láti pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kò sì gbà láti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ti gbogbo ènìyàn tó, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní ọdún 1990 tó yí ọ̀rọ̀ padà pátápátá. Òfin náà béèrè nǹkan mẹ́ta péré: ṣé o gbé ní agbègbè yìí? Ṣé o wà níbẹ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyí? Ṣé àìsàn rẹ wà nínú àwọn tí a kọ sílẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, owó gbà-má-bínú di ẹ̀tọ́. Kò sí pé kí opó lọ wá ẹ̀rí sínú sẹ́ẹ̀lì ọkọ rẹ̀ tó ti kú.

Faransé gbọ́, ó sì pẹ́ kó tó ṣe. Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2010 ló tó ṣe òfin tirẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí òfin Morin. Lójú, ó jọ ti Amẹ́ríkà: ibi, àkókò, àìsàn. Ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: a kò ní san owó bí ewu tí ìtànṣán náà mú wá bá jẹ́ èyí tí kò tó nǹkan. Gbólóhùn kékeré yìí ló jẹ gbogbo òfin náà tán. Láàárín ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ó ju ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó tọrọ, nǹkan bí ogún péré ni wọ́n sì san fún. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò ní oṣù Kejì, ọdún 2017, iye àwọn tó ń rí owó gbà sì fò sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní sáyẹ́ǹsì ló ń dá ẹjọ́ yìí ṣàlàyé: sáyẹ́ǹsì wo ló yí padà láàárín ọdún 2016 sí 2018? Kò sí. Gbólóhùn kan nínú òfin ló yí.

Kò pẹ́ tí ìlẹ̀kùn náà ṣí tí wọ́n tún tì í. Ní ìparí ọdún 2018, wọ́n fi ìlà tuntun sínú òfin ìṣúná: ẹni tí ìjọba bá fi hàn pé ìtànṣán tó gbà kò tó millisievert kan lọ́dún, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan. Ìjọba yóò sọ pé ìwọ̀n àgbáyé ni millisievert kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìṣọ́ra ni. Wọ́n ṣe é kí àwọn ilé iṣẹ́ má baà da ìtànṣán sí ara ará ìlú kọjá iye kan. Wọn kò ṣe é láti fi sọ pé àìsàn kì í gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Òfin tó ní kí awakọ̀ má sáré kọjá 50 láàárín ìlú kò sọ pé ọkọ̀ tó ń sá 45 kò lè pa ọmọ.

Ta ni yóò sì wọn millisievert náà? Ẹni tó bú àdó náà ni. Òun ló mọ ibi tí ó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sí àti ibi tí kò gbé e sí, òun ló ní ìwé, òun náà ló sì ń ka ìwé náà fún ilé ẹjọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Polynesia, níbi tí Faransé kó ìdánwò àdó rẹ̀ lọ lẹ́yìn Àlùjéríà, fi hàn bí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Ní oṣù Keje, ọdún 1974, àdó kan tí wọ́n ń pè ní Centaure da eruku rẹ̀ sórí Tahiti. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣirò ìjọba sọ pé àwọn tó fara gbá a kò pọ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí rí díẹ̀ lára ìwé àṣírí náà tí wọ́n sì ṣe ìṣirò tiwọn ní ọdún 2021, nǹkan bí 110,000 ènìyàn ni wọ́n kà tí ó ṣeé ṣe kí tiwọn kọjá millisievert kan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ni kí a wá pe ẹni tó jẹ́ olùjẹ́jọ́, tó jẹ́ ẹlẹ́rìí, tó tún jẹ́ oníwọ̀n?

Ti Àlùjéríà tún burú ju ti Polynesia lọ. Àwọn ọmọ Àlùjéríà tó ti rí owó gbà lábẹ́ òfin Morin ṣe é ka lórí ìka ọwọ́. Òfin ní kí olùbéèrè mú ìwé ẹ̀rí wá pé ó gbé ibẹ̀ lákòókò náà, kó sì mú àkọsílẹ̀ dókítà wá. Ìwé wo ni darandaran inú aṣálẹ̀ ní lọ́wọ́ ní ọdún 1960? Ilé ìwòsàn wo ló kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀? Bẹ́ẹ̀, Faransé tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe òfin ní ọdún 2008 tó ti ìwé tirẹ̀ pa: àkọsílẹ̀ tó bá lè mú kí ènìyàn mọ bí a ṣe ń ṣe àdó olóró tàbí ibi tó wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí i títí ayé. Ìdí òfin náà yé ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń ṣíji bo ohun tí kì í ṣe àṣírí ogun. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé ń kó ẹrù wọn kúrò, wọ́n ri ọkọ̀ àti irinṣẹ́ tí ìtànṣán ti bà jẹ́ mọ́ inú iyanrìn. Títí di òní, àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà kò rí ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n rì wọ́n sí. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Àwọn tó ń gbèjà ìjọba ní èsì, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní jẹjẹrẹ pọ̀ láyé tẹ́lẹ̀, nítorí náà, bí a bá gba gbogbo ẹni tó wá gbọ́, a ó san owó fún ọ̀pọ̀ tí ìtànṣán kò ṣe ní nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí òfin bá béèrè ẹ̀rí tí sáyẹ́ǹsì kò lè fún ẹnikẹ́ni, gbogbo àwọn tí ìtànṣán pa ni yóò lọ lófo. Àṣìṣe wà ní ọ̀nà méjèèjì. Ìbéèrè tó kù ni ta ni kí àṣìṣe náà já lé lórí: ìjọba tó mọ̀ọ́mọ̀ bú àdó fún àǹfààní ara rẹ̀ ni, àbí darandaran tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè kí wọ́n tó bú u? Wọ́n ní owó yóò tán. Amẹ́ríkà ti san owó tó ju bílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ dọ́là lọ fún àwọn tó ju 40,000 lábẹ́ òfin ọdún 1990, kò sì wó. Kódà ní oṣù Keje, ọdún 2025, wọ́n sọ òfin náà jí lẹ́yìn tó ti kú fún ọdún kan, wọ́n sì fi apá kan àwọn ará New Mexico kún un, níbi tí àdó átọ́míìkì àkọ́kọ́ láyé ti bú. Wọ́n tún ní ilẹ̀ àti ojú ọ̀run fúnra wọn ń fún ènìyàn ní nǹkan bí millisievert méjì àti ààbọ̀ lọ́dún. Bẹ́ẹ̀ ni, òjò náà sì ń rọ̀ sórí ilé gbogbo ènìyàn lọ́dọọdún, ìyẹn kò fún aládùúgbò láṣẹ láti da omi sí wa lórí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn tó ń gbèjà ẹni tí a ṣẹ̀: ẹni tó ń béèrè òtítọ́ kò gbọdọ̀ fi àsọdùn gbe ẹjọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2021, nígbà tí eruku Sàhárà fẹ́ dé ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n sì rí ìtànṣán caesium díẹ̀ nínú rẹ̀, ariwo gba ayé pé àdó Reggane ti padà wá bá ẹni tó bú u. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 fi hàn pé àmì inú eruku náà bá ti àwọn àdó Amẹ́ríkà àti Soviet mu ju ti Faransé lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tó ohun tó lè pa ènìyàn lára. Bákan náà, ẹni tó bá ní jẹjẹrẹ kan báyìí ní Kano tàbí ní Ìbàdàn ti Reggane wá láìsí ẹ̀rí, ọwọ́ agbẹjọ́rò Faransé ló ń gbé ọ̀bẹ sí. Ẹjọ́ Sàhárà kò nílò irọ́ kankan. Máàpù tí ìjọba Faransé fúnra rẹ̀ tú sílẹ̀ ní ọdún 2013 ti tó: ó fi hàn pé ìkùukùu ọdún 1960 rìn jìnnà ju bí wọ́n ti sọ fún ayé lọ, ó kọjá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó dé Chad, ó sì kan etíkun Spain àti Sicily.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan Nàìjíríà. Lẹ́yìn tí Faransé bú àdó rẹ̀ kẹta ní Reggane ní oṣù Kejìlá, ọdún 1960, ìjọba Tafawa Balewa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò dúró de ẹ̀rí kí ẹnikẹ́ni tó kú. Ní ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1961, ó já okùn àjọṣe pẹ̀lú Faransé, ó sì fún aṣojú rẹ̀ ní wákàtí 48 láti fi ìlú sílẹ̀. Ọdún 49 géérégé lẹ́yìn ọjọ́ náà ni Faransé tó fọwọ́ sí òfin Morin. Ìjọba Balewa mọ ohun tí òfin Morin kò fẹ́ mọ̀: ẹni tó fẹ́ fi ewu sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ fi hàn pé kò ní pa ará ibòmíràn lára.

Nàìjíríà ọjọ́ òní ní ohun ìjà tí ti Balewa kò ní. Ó fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tó fi òfin de àdó olóró ní ọdún 2017, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2020. Àdéhùn náà sọ̀rọ̀ ìtọ́jú àwọn tí ìdánwò àdó kàn àti àtúnṣe ilẹ̀ tó bà jẹ́. Faransé kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò di Nàìjíríà lẹ́nu. Kí Abuja béèrè, ní gbangba, lójú àwọn orílẹ̀-èdè tó kù nínú àdéhùn náà, pé kí Faransé fi máàpù ibi tó ri ìdọ̀tí olóró sí lé Àlùjéríà lọ́wọ́. Kó béèrè pé kí wọ́n tú gbogbo àkọsílẹ̀ ìwọ̀n ìtànṣán inú afẹ́fẹ́ ọdún 1960 àti 1961 sílẹ̀, kí àwọn onímọ̀ ní fásitì Áfíríkà ka orí tiwọn. Kó sì sọ pé ìlà millisievert kan kò gbọdọ̀ dúró nínú òfin tí wọ́n bá pè ní òfin ìtúnṣe.

Àwọn tó ń rántí Reggane ń darúgbó, wọ́n sì ń lọ níkọ̀ọ̀kan. Ìjọba tó ń fi ẹjọ́ falẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ikú ni agbẹjọ́rò tó pọ́n jù tó ní. Yálà wọ́n fi owó gbà-má-bínú lé àwọn tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ tàbí wọn kò fi lé wọn lọ́wọ́, a kò gbọdọ̀ tún gbọ́ ọ kí wọ́n máa wí pé sáyẹ́ǹsì ni kò jẹ́ kí àwọn san. Sáyẹ́ǹsì kò ti ilẹ̀kùn kankan. Ìjọba ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àjẹ́ tó ké lánàá ni kó wá ṣí yàrá, kí gbogbo ayé wo ohun tó wà níbẹ̀.